Ìrìn-àjò Ọdẹ́gbàmí sí Ìlú Oríkèé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fara gbún èjìká ọ̀tún mi. Ẹ bá mi ti àpótí yẹn sábẹ́ ìdí. Ẹ bá mi na ẹsẹ̀ yìí síwájú díẹ̀, ẹ rọra, kì í ṣe ẹsẹ̀ àga. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọdẹ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ ọdẹ náà, gbogbo yín ló sì mọ̀ pé èmi ni mò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tí ọkùnrin yẹn hù kò jẹ́ kí n lè máa pè é ní "èmi" lójú ìyàwó mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn, nítorí náà "ó" ni màá máa pè é títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́, kó fi Ọdẹ́gbàmí ṣe é, kó fi èmi sílẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí ṣì wà lọ́kùnrin, òun àti ẹfọ̀n wo ara wọn lójú rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti sá òjò wọ inú ihò àpáta kan tí ẹkùn wà níbẹ̀ rí, ẹkùn ló wá ń ráhùn pé àlejò náà ń hanrun jù. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹkùn náà ti kú, ta lẹ fẹ́ lọ bi? Ohun tí mo mọ̀ ni pé èjìká ọ̀tún nìkan ni ọkùnrin yìí máa ń gbé ìbọn kọ́, kì í pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá sì ń ṣọ́ ẹran, orúnkún ọ̀tún ló máa ń kúnlẹ̀ lé, lórí òkúta o, lórí gbòǹgbò o, kò ní tẹ́ nǹkan kan sí i. Ó ní obìnrin ló máa ń tẹ́ nǹkan sábẹ́ orúnkún.

Bó ṣe ń dàgbà, èjìká yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣọ̀tá. Tó bá gbé ọwọ́ sókè láti wọ dàńṣíkí, á dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un lábẹ́ eegun. Ló bá pa dàńṣíkí tì, ó ní ooru ń mú òun, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́ nígbà tí ètè gbogbo ayé ń là. Orúnkún náà wú róbótó, kò gba títẹ̀, kò gba nínà. Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, máa ń kúnlẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara le?" Ọdẹ́gbàmí á ní, "Ara le koko, a dúpẹ́. Ìwọ ńkọ́?" Àwẹ̀ró á ní a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin wa á lọ sẹ́yìn ilé, á di ògiri mú, á bu ètè jẹ.

Bóyá ìgbà tó máa wọ sàárè ni ì bá sọ òótọ́ bí kì í bá ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ògúndépò, tó kú. Òun àti Ògúndépò ti jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà tí wọn ò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ gbọ́: bí ọdẹ bá kú lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Àràbà, a máa ń kó àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ àtijọ́ sínú agbọ̀n kan, a ó gbé e lọ sínú igbó láti yà á kúrò láàárín àwa alààyè. Ìpà là ń ṣe yẹn. Èjìká la máa ń gbé ẹrù ìpà lé, kì í kan orí, kì í kan ilẹ̀ títí yóò fi dé ìdí igi. Ọdẹ́gbàmí àti Ògúndépò ti ṣèlérí fún ara wọn nígbà èwe pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò gbé ẹrù ẹni tó ṣíwájú.

Báyìí, wọ́n ti dá ọjọ́ ìpà, Ọdẹ́gbàmí kò sì lè gbé ife omi dé ẹnu láìfi ọwọ́ òsì ti ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá kùnà, Lápàdé ni wọn yóò gbé ẹrù náà fún. Lápàdé ọ̀hún àti Ògúndépò ti jà nítorí ìgalà kan, wọn ò sì yanjú rẹ̀ títí ikú fi dé. Bí Ọdẹ́gbàmí bá rántí pé ọwọ́ Lápàdé ni àpò ọ̀rẹ́ òun máa wà, omi á máa yọ lójú rẹ̀, á ní eruku ni.

Ó ti gbọ́ láti ẹnu àwọn àgbà ọdẹ pé ìlú kan wà ní ìkángun igbó iwin tí wọ́n ń pè ní Ìlú Oríkèé, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo oríkèé ara ènìyàn, èjìká, orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, kí wọ́n tó kó wọn wá sáyé. Ó pinnu pé òun á lọ gba èjìká tuntun. Ó purọ́ fún Àwẹ̀ró pé òun fẹ́ lọ wo tàkúté. Àwẹ̀ró dì í ní ẹ̀kọ, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó wá tẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn, ó ń wò ó lọ. Ọdẹ́gbàmí bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ìfẹ́ òun ló ń mú obìnrin náà tẹ̀ mọ́ òpó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Ó sọ ìbọn kọ́ èjìká, èjìká ọ̀tún náà ni, ó sì wọ igbó.

Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ni iwin kan tó dúró létí àbàtà. Ẹsẹ̀ iwin náà gùn ju ọ̀pẹ lọ, orúnkún sì tò sí i lára látòkè délẹ̀ bí oríkèé ọparun. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù ìbá bà mí, ṣùgbọ́n Ọdẹ́gbàmí kì í ṣe irú mi. Àyà rẹ̀ kò já. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n. Iwin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé ṣé ara le. Ọdẹ́gbàmí gbá àyà, ó ní ara òun le koko, pé bí ọmọ ọdún ogún ni òun rí lára.

Inú iwin dùn. Ó fò, ó gun ọkùnrin náà léjìká, ó ní ó yá, kí wọ́n máa lọ sí òdìkejì. Ọdẹ́gbàmí wọ àbàtà náà, omi mù ún dé àyà, iwin jókòó sórí ibi tó ń dùn ún gan-an, ó ń kọrin. Nígbà tí wọ́n dé àárín, iwin wá ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa gbé àwọn tí ara ń ro kọjá àbàtà, àmọ́ tí alára líle bá dé, òun náà máa ń fi ìyẹn sinmi. Ọdẹ́gbàmí gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí òun sọ, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní kí iwin jọ̀ọ́ máa bá orin rẹ̀ lọ, pé ohùn rẹ̀ dùn.

Láti ibẹ̀ ó dé ìlú kan tí kò sí ẹni tó kéré sí i níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ gan-an ti lo ayé kan sẹ́yìn kí wọ́n tó bí i, nítorí náà àgbà ni gbogbo wọn, àlejò sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá pàdé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe tọ́ wa. Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀ fún adènà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá adènà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìkókó kan tó ń mu ọmú. Wọ́n ń bi í níbi gbogbo pé ṣé orúnkún rẹ̀ ń gbà á, ó ń dáhùn pé ó ń gbà á dáadáa, a dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́ àbúrò bàbá ọba, ó dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí fún ewúrẹ́ yìí ni kò ti lè dìde mọ́. Orúnkún ti kọ̀. Ó nà gbalaja sílẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú èèpo iṣu, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn ará ìlú pé lé e lórí, wọ́n ń yìn ín. Wọ́n ní àwọn ò rí àlejò tó mọ àgbà tó báyìí rí, ẹ wo bó ṣe pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n wá ń kó àwọn àgbà yòókù jáde nílé kí ó lè kí wọn náà. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní ṣé ó mọ̀ pé ẹni tí orúnkún bá ń dùn, fìlà lásán ni wọ́n ní kó ṣí níbí. Ọdẹ́gbàmí dá a lóhùn pé kò sóhun tó ń ṣe òun, ilẹ̀ ìlú wọn ló tu òun lára.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò yín yìí, tí wọ́n bá bi yín, ẹ̀yin náà á dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́.

Nígbà tí obìnrin agbálẹ̀ yẹn fà á dìde, tó sì fi máa dé ẹnubodè Ìlú Oríkèé, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ìkòkò epo tó ti kún dénu. Obìnrin arúgbó kan jókòó sórí tìmùtìmù lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá mira pẹ́nrẹ́n, gbogbo oríkèé rẹ̀ á ró kẹ́kẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ìyá Oríkèé nìyẹn, òun ló ni ìlú. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wọlé láìjá àlọ́ òun. Ó ní, "Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ayé ń bi ara wọn láràárọ̀, tí gbogbo ayé sì ń dáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè wo ni?"

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín nínú. Kò sí àlọ́ tí wọ́n ń pa ní Òkè-Àràbà tí kò mọ̀, ẹ sì lè béèrè. Ó ní bóyá ìbéèrè pé ṣé oúnjẹ ti jinná ni. Ìyá ní rárá. Ó ní bóyá pé ṣé òjò máa rọ̀ ni. Ìyá ní rárá, kó lọ rò ó dáadáa. Ó tún ní, "Àmọ́ ò ń mí hẹlẹ, ọdẹ. Ṣé ara le?" Ọdẹ́gbàmí ní, "Ara le, ìyá, a dúpẹ́." Ilẹ̀kùn sì pa dé gbàgà mọ́ ọn lójú.

Ó dúró, ó ronú, ó tún kan ilẹ̀kùn, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, pé ìbéèrè pé ta ló wà níbẹ̀ yẹn ni. Ìyá Oríkèé yọjú, ó wò ó tàánútàánú, ó tún bi í pé ṣé ara le. Ó tún dáhùn pé a dúpẹ́. Ilẹ̀kùn tún pa dé. Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ọkùnrin tó lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òyà láti òkè odò kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi í létí ara rẹ̀.

Níkẹyìn ìbọn já bọ́ léjìká rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, orúnkún há, ó ṣubú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ bí ahun tí wọ́n yí dànù. Ó gbìyànjú apá ọ̀tún, apá ọ̀tún kọ̀. Ó gbìyànjú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ó ń wo ojú ọ̀run, ó wá ń rí i lọ́kàn bí Lápàdé ṣe ń gbé agbọ̀n Ògúndépò lọ tí òun sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ìbànújẹ́ mú un gan-an. Ìyá Oríkèé jáde, ó lóṣòó tì í díẹ̀díẹ̀, oríkèé rẹ̀ ń ró, ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé ṣé ara le.

Ọdẹ́gbàmí ní, "Ara kò le, ìyá. Èjìká ń ro mí débi pé mi ò lè wọ aṣọ mi. Orúnkún ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi kú, mo ṣèlérí pé èmi ni màá gbé ẹrù rẹ̀, mi ò sì lè gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyá Oríkèé kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n ṣí i, pé ọkùnrin náà ti gbọ́ ìbéèrè náà tán, ó sì ti dáhùn.

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti rí ìlú. Ọdẹ́gbàmí ni mo fẹ́ pè, Ọdẹ́gbàmí ti rí ìlú. Kò rí èyí tó yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí ẹja tó ń fò. Àwọn arúgbó ló kún ibẹ̀. Wọ́n á pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á ní ṣé ara le, èkejì á ní ìbàdí ń dun òun lónìí ṣùgbọ́n ọrùn ti sàn. Ẹni tó béèrè á sì dúró, á gbọ́ ọ tán, á wá gba ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì bá a gbé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Ìyá Oríkèé tẹ èjìká rẹ̀ wò. Ó ṣàlàyé fún un pé láàárín eegun àti iṣan, níbi tí wọ́n ti ń fara kanra, Ẹlẹ́dàá fi òṣùká kékeré kan síbẹ̀, òṣùká olómi, bí èyí tí àwọn obìnrin ń fi sábẹ́ ẹrù, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Irú rẹ̀ wà ní orúnkún, ó wà ní ìbàdí, ó wà ní ìgbọ̀nwọ́. Ó ní orí òṣùká kan náà ni Ọdẹ́gbàmí ti ń gbé ìbọn lé láti kékeré, kò jẹ́ kó sinmi rí, ìdí nìyẹn tó fi wú tó ń bínú. Ọdẹ́gbàmí ní òun gbọ́, kí wọ́n ṣáà fún òun ní èjìká tuntun kí òun máa lọ. Ìyá ní èjìká tuntun ti tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó ti gbé àpò ńlá dání láti fi kó oògùn bọ̀. Òfìfo ni àpò náà wà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kò ju pé kó gbé ìbọn sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí èjìká sinmi. Tí ibẹ̀ bá gbóná tó wú, kó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi amù lé e. Tó bá gan, kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n bu iyọ̀ sí jó o. Kó máa tẹ́ aṣọ sábẹ́ orúnkún tó bá fẹ́ kúnlẹ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má jókòó gan síbì kan. Tó bá pọ́n tí ibà sì dé sí i, kó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, kó má dúró wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un dúró níwájú ògiri, wọ́n ní kí ìka rẹ̀ máa gun ògiri bí aláǹgbá, kó dúró níbi tó bá ti ń dùn ún, kó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ẹfọ̀n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wá ń gun ògiri pẹ̀lú ìka. Ọjọ́ tí ìka náà ga dé etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bi ìyá náà bóyá òun á lè gbé ẹrù ọ̀rẹ́ òun. Ìyá ní yóò gbé díẹ̀, kò ní pọ̀, pé ta ló tilẹ̀ sọ pé òun nìkan ni kó gbé e. Ó fún un ní òṣùká kan tí wọ́n fi aṣọ àtijọ́ ká, ó wá bi í ní ìbéèrè kan tí kò rò tẹ́lẹ̀. "Ìyàwó rẹ ńkọ́, nígbà tó o bá bi í pé ṣé ara le, kí ló máa ń sọ?" Ọdẹ́gbàmí ní, "A dúpẹ́ ló máa ń sọ." Ìyá Oríkèé wò ó lọ títí.

Ó bọ̀ wálé. Ní ìlú àwọn àgbà, ó ṣí fìlà fún ewúrẹ́, ewúrẹ́ mi orí sí i, ó kọjá. Iwin etí àbàtà bi í pé ṣé ara le, ó ní kò le, iwin sì gbé e pọ̀n bí ọmọ ọwọ́.

Ìpà gan-an ló bá lẹ́nu. Àwọn ọdẹ ti pé, agbọ̀n Ògúndépò ti wà lórí àpótí, Lápàdé sì dúró sí tòsí rẹ̀, ó ti ká apá aṣọ sókè. Olúọdẹ kí Ọdẹ́gbàmí káàbọ̀, ó ní ṣé ara le kó wá gbé ẹrù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí sọ fún wọn pé ara kò le, pé èjìká òun ti wú tipẹ́, pé òun á gbé e débi tí agbára òun bá mọ, òun sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun gbé e dé ìdí igi.

Ó ń retí kí Lápàdé fi òun rẹ́rìn-ín. Lápàdé ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìbàdí mi kò jẹ́ kí n sùn láti àná. Mò ń ronú ibi tí màá ti ṣubú pẹ̀lú agbọ̀n yìí ni." Ọdẹ kan lẹ́yìn ní ìgbọ̀nwọ́ ni tòun. Òmíràn ní orúnkún méjèèjì ni. Olúọdẹ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí ọmọ òun ti ń bá òun wọ ṣòkòtò. Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ Òkè-Àràbà, tí ẹranko ń gbọ́ orúkọ wọn sá, kò sí ẹyọ oríkèé kan tó pé láàárín wọn.

Bí wọ́n ṣe gbé Ògúndépò nìyẹn. Ọdẹ́gbàmí fi òṣùká sí èjìká òsì, ó gbé agbọ̀n kúrò lójú agbo, Lápàdé sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Láti èjìká sí èjìká ni wọ́n gbé e wọ igbó, kò kan ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ìdí igi, wọ́n dá a padà fún Ọdẹ́gbàmí, òun ló sì sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀, kò sọ pé eruku ni.

Ó wá délé. Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ mọ́ òpó bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ṣé ara le?" Ọdẹ́gbàmí ní èjìká ń dun òun, ṣùgbọ́n ó ti ń dẹwọ́. Àwẹ̀ró la ẹnu sílẹ̀. Ọkùnrin náà wá bi í pé ìwọ ńkọ́, ṣé ara le.

Ó ní, "A dúpẹ́."

Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni Ọdẹ́gbàmí ti máa ń kọjá sínú ilé. Lọ́jọ́ náà, kò kọjá. Ó dúró, ó tún bi í. Àwẹ̀ró wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Orúnkún mi ni. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Tí mo bá ti kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, òpó yìí ni mo máa ń dìmú kí n tó lè dìde. Ẹ̀yin ń ké lójú oorun nítorí èjìká yín, mi ò fẹ́ fi tèmi kún un."

Ọdẹ́gbàmí na ọwọ́ òsì sí i. Ó mú un jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, ó ní kò ní kúnlẹ̀ kí òun mọ́. Ó wọ ilé ìdáná lọ gbé omi kaná, ó fẹ́ bu iyọ̀ sí i, ó wá dúró síbẹ̀. Ọkùnrin tó mọ ibi tí gbogbo ìgalà inú igbó ń sùn kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń pè é láti ìta pé kó wo ẹ̀yìn ìkòkò epo.

Ìtàn mi dúró síbẹ̀, torí omi ti ń hó nínú ilé, ó sì ti tó àkókò orúnkún ìyàwó mi. Ẹ fà mí dìde. Ẹ rọra. Tí ẹ bá sì kí mi láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹni tí kò bá ní àyè láti jókòó má bi mí pé ṣé ara le, nítorí màá sọ ọ́ fún un.